Ìkòkò Orí Oyíndà

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń na ìka sí kọ̀ǹpútà, tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, tó sì ń bínú pé kò fèsì, ẹ má tíì pe dókítà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà.

Ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òtútù Johannesburg máa ń wọ inú eegun èèyàn bí ẹni tó fẹ́ gbalé síbẹ̀. Zulkifli dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ láàárín ìlú, ó wọ ẹ̀wù òtútù méjì, síbẹ̀ ó ń làágùn. Ọmọ Mushin ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń tẹ pósítà àti báńà níbẹ̀, tó sì ń tẹ àwòrán mọ́ aṣọ. Zulu ni wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí láti kékeré, orúkọ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ní Mushin. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, bí Hakeem, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, bá ké pe Zulu lójú títì, èèyàn mẹ́rin ni yóò wẹ̀yìn, àjèjì tó wà láàárín wọn ni yóò sì dáhùn.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ayẹyẹ ní Fourways ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ orílẹ̀-èdè méjìlá tí òbí wọn ń gbé ní Johannesburg. Kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé, ayẹyẹ ńlá yóò wà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò tò wọlé sórí pápá, wọn yóò sì gbé pósítà rẹ̀ kọ́ sókè, ó ga tó ilé alájà méjì: irú pósítà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe àlejò wá sí ìlú nígbà tí ọkọ̀ òkun ṣì ń kó èrò. Ìwé iṣẹ́ náà ní kí gbogbo ayé lè mọ àṣà ara wọn ni.

Zulkifli ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti England, ọkọ̀ ojú irin tó ń yọ èéfín. Ti Jámánì, afárá onírin. Ti Faransé, obìnrin kan tó dé àkẹtẹ̀, tó gun kẹ̀kẹ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ rẹ̀ lẹ́lẹ́. Ó dára. Ó ṣí ti Kẹ́ńyà: kìnnìún. Kóńgò: ìnàkí. Sìmbábúè: erin. Ó bi Hakeem bóyá bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ gbá tàbí wọ́n fẹ́ ṣí ọgbà ẹranko. Hakeem, tí kò sí ohun tó ń bí i nínú ju kí oúnjẹ ọ̀sán pẹ́ lọ, ní kìnnìún náà tẹ̀ dáadáa, irun rẹ̀ yọ.

Ìgbà náà ló ṣí ti Nàìjíríà.

Obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ìró kan ṣoṣo ni wọ́n so mọ́ ọn láyà, èjìká rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lásán, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀. Ahéré koríko wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bọ kan jókòó sórí igi, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ló san owó orí rẹ̀. Ilà mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, ilà tí kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, tí kì í ṣe ti Oǹdó, tí kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú, àfi bí ẹni pé ológbò ló ha á lójú. Wọ́n kọ ọdún rẹ̀ sísàlẹ̀: 1961.

"Hakeem, ní 1961 ìyá mi ń tẹ tàípù ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ó ń wọ bàtà gogoro, ó ń dé àkẹtẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo ní fọ́tò rẹ̀ nílé." Ó padà sí ti Faransé, ó fi ìka gbá ojú kọ̀ǹpútà. "Ìyá mi nìyí. Àwọn Faransé ti jí ìyá mi gbé."

Hakeem ní kó fara balẹ̀, pósítà lásán ni.

Pósítà lásán ni ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe ojú ìwé kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé bí obìnrin inú pósítà ṣe múra ni ogún ọmọ Nàìjíríà yóò ṣe múra wọlé: aṣọ tí a so mọ́ àyà, èjìká níta, ẹsẹ̀ lásán, ẹfun ilà mẹ́ta lójú. Ọmọ tó máa ṣíwájú, tó máa gbé àsíá, òun ni yóò ru ìkòkò. Ọmọ tó máa ṣíwájú náà kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Oyíndà ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tí Zulkifli bí.

Ó ti rí irú rẹ̀ rí, ìyẹn ló mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ṣí ìdíje ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan á fi iná kọ orúkọ ara wọn sójú sánmà, wọ́n á sọ ilé alájà ọgọ́rùn-ún di ìtàgé. Tó bá wá kàn wá, ká bọ́ra sílẹ̀ ká máa fò sókè. Ṣé àwa ò ní ohun mìíràn tí a ń ṣe ju fífò lọ ni? Àwọn tó gbé afárá kalẹ̀, àwọn tó ń tẹ tàípù, àwọn tó ń wo aláìsàn sàn ní ọsibítù ìlú yìí gan-an, fífò ni wọ́n fi ń ṣe é?

Ó délé wọn ní Berea, ó bá omi nílẹ̀ pálọ̀. Oyíndà ti ń kọ́ ìkòkò rírù. Ọmọ tí wọ́n bí sí àjà kẹfà, tí kò gbé ohunkóhun sórí rí ju fìlà ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó gbé abọ́ ìyá rẹ̀ kan rìn láti yàrá dé pálọ̀, abọ́ sì yan tẹlifíṣọ̀n láàyò. Afusat, ìyá rẹ̀, ń nu ilẹ̀, ó ń fi ẹnu nu ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko oṣù Kẹfà nítorí kí àwọn kan lè pàtẹ́wọ́, kí Zulkifli lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ni Oyíndà bá bú sẹ́kún. Nínú ogójì ọmọ ni wọ́n ti mú un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sunkún náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fi í ṣe gbogbo nǹkan. Ó ní òun fẹ́ gbé àsíá, òun á rù ú, òun kò ní jẹ́ kó jábọ́. Nígbà tó sunkún tán, ó nu imú, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè kí ló dé tí obìnrin yẹn ń ru omi, ṣé ẹ̀rọ omi ilé wọn bàjẹ́ ni.

Zulkifli fọwọ́ pa àárín orí ara rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rọ omi ilé wọn ní Mushin bàjẹ́ fún ọdún mọ́kànlá gbáko, òun náà sì pọn omi títí àárín orí rẹ̀ fi tẹ́ bí àwo. Pípọn omi kì í ṣe ẹ̀sín. Kí wọ́n ní òun nìkan la mọ̀ ọ́n ṣe, ibẹ̀ ni irọ́ wà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ tákísì lọ sí Fourways. Láti ibùdókọ̀ ló ti ń tún Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ sọ ṣe lábẹ́lẹ̀. Òyìnbó ló ní lọ́kàn, òyìnbó tó ga, tó ní irùngbọ̀n, ó sì ti tọ́jú ọ̀rọ̀ ńláńlá mẹ́ta tí yóò fi kan irùngbọ̀n náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé róbọ́ọ̀tì kẹta, tí iná pupa dá wọn dúró, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó sọ ọ̀kan síta. Obìnrin tó jókòó tì í ní éíṣì, bí wọ́n ṣe ń ké háà níbẹ̀, ó sún sápá kan.

Wọ́n mú un wọ ọ́fíìsì onígíláàsì. Ó dìde dúró dáadáa, ó tún kọ́là ṣe, ó ṣí ẹnu. Obìnrin kan wọlé, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó rí fìlà orí Zulkifli, eékún rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀ gbì lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà, sà."

Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń bú ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì Zulkifli yọ́ bí òrí lóòrùn. Kó tó mọ̀, ó ti ń gbàdúrà fún un.

Tiwalọlá ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣètò ayẹyẹ náà. Dókítà ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, ìlú yìí ni wọ́n sì bí i sí. Ìkíni nìkan ni wọ́n kọ́ ọ délẹ̀ nínú Yorùbá. Lẹ́yìn ẹ kú ọ̀nà, èdè parí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá a lọ. Zulkifli gbìyànjú láti tún bínú. Ó ní irú ẹ̀gbin wo lèyí, àwọn tí kò mọ̀ wá jókòó sí òkèèrè, wọ́n ń yà wá bí ó ṣe wù wọ́n. Tiwalọlá kò jà. Ó mú un lọ sí ara ògiri, níbi tí ojúlówó pósítà náà wà nínú dígí. Ó ti pupa, etí rẹ̀ ti ya. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kọ̀ǹpútà ti gé kúrò, wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé Èkó ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ sára pákó, Èkó ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́.

Ó rọra sọ fún un pé kì í ṣe òkèèrè ni wọ́n ti yà wá, ọwọ́ ọmọ ilé ló gbẹ́ ẹ. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń wá ohun kan tí òun lè na ọwọ́ sí pé ibi tí mo ti wá nìyí. Nínú ọjà ohun àtijọ́ kan ni òun ti rí pósítà yìí, òun kò sì lè sùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ etí ìró obìnrin náà ló wù ú jù. Ó jọ ẹ̀wọ̀n, ó jọ ìlẹ̀kẹ̀, ó yí aṣọ náà ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n tẹ obìnrin náà sí aṣọ gbogbo àwọn ọmọ náà, kí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ etí ìró rẹ̀ gàdàgbà yí etí aṣọ ká.

Zulkifli wo obìnrin inú dígí, ó wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀bọ yẹn ńkọ́?"

Tiwalọlá ní òun á yọ ọ̀bọ náà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ gba ọmọ rẹ̀, tó sì gba ọ̀bọ bọ̀. Hakeem gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, ó ní kó rọra jókòó, kí òun lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún àlejò rẹ̀. Zulkifli kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni pé ọmọ ilé ló ṣe é. Bí àjèjì bá sọ pé abuké ni ọ́, àìmọ̀kan ni. Bí ọmọ ìyá rẹ bá gbẹ́ iké sára pákó, tó sì kọ orúkọ rẹ sí i, kí lo fẹ́ pe ìyẹn?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tẹ aṣọ náà. Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Orí ìwé ni àwòrán máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Wọ́n á da ojú ìwé náà dé aṣọ, ẹ̀rọ gbígbóná á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwòrán á fi ìwé sílẹ̀ lọ bá aṣọ. Nítorí náà, àwòrán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di òdì lórí ìwé, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, kó lè bọ́ sí tààrà lórí aṣọ. Iṣẹ́ Hakeem ni kó yí i sódì nínú kọ̀ǹpútà. Ọdún méjìlá ló ti ń yí i. Ọjọ́bọ̀ yẹn, oúnjẹ ọ̀sán pẹ́, inú ń bí i, kò yí i.

Aṣọ àkọ́kọ́ jáde, obìnrin tó kọjú sí ọ̀tún nínú pósítà kọjú sí òsì. Zulkifli gbé e sókè. Ó fẹ́ bú Hakeem dé ìran kẹta. Ó ti pe ti bàbá, ó kù díẹ̀ kó pe ti bàbá bàbá, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí etí aṣọ.

Ó gbé aṣọ náà lọ sábẹ́ iná.

Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni. Lẹ́tà ni, wọ́n so kọ́ ara wọn, wọ́n fi òdòdó bo ẹsẹ̀ wọn, àmì ìsàlẹ̀ wọn dà bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké. Nínú pósítà, òdì ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Àṣìṣe Hakeem ti yí wọn sí tààrà. Wọ́n yí aṣọ náà ká, wọn kò dákẹ́:

IRỌ́ LẸ Ń PA IRỌ́ LẸ Ń PA IRỌ́ LẸ Ń PA

Hakeem ti gbé abẹ́ lọ́wọ́ láti gé aṣọ tó bàjẹ́. Zulkifli di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń sọ àlá. Nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Mushin, ọ̀gá òun máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó ń gbẹ́ lẹ́tà sára pákó, òdì ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ, kó lè jáde ní tààrà. Ọ̀gá tó gbẹ́ pósítà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òdì ló gbẹ́ orúkọ Èkó àti ọdún rẹ̀. Ìgbà tó dé etí ìró ló gbẹ́ ẹ ní tààrà. Lórí pákó, níwájú ojú tirẹ̀ nìkan, ó lè kà á. Àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kó ìwé lọ, wọ́n ń yìn ín pé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ dára.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Zulkifli fi jókòó sórí páálí ìwé, ó sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín ni òun ń ṣe mọ́. Wọ́n ní kí ọkùnrin yìí gbẹ́ ahéré, ó gbẹ́ ahéré. Wọ́n ní kó gbẹ́ ọ̀bọ, ó gbẹ́ ọ̀bọ. Bóyá ìyàwó tirẹ̀ gan-an ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń pariwo látinú pósítà, ẹ̀yìn ló sì kọ sí gbogbo ayé.

Hakeem nu ojú. "Zulu, o tiẹ̀ rí i pé ó bọ̀wọ̀ fún wọn. Irọ́ lẹ ń pa. Kò ní irọ́ lò ń pa."

"Wọ́n kọ́ ọ nílé," ni Zulkifli wí.

Hakeem wá bi í léèrè bóyá kí òun yí i sódì wàyí, kó lè bá ti pósítà mu. Zulkifli ní kó lọ jẹun; òun fúnra rẹ̀ ló tẹ mọ́kàndínlógún tó kù, bí àkọ́kọ́ ṣe rí.

Ní Sátidé, yìnyín funfun ṣì wà létí pápá ní aago mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ England wọlé, wọ́n wọ kóòtù. Àwọn Faransé wọlé, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Lẹ́yìn náà, pósítà Nàìjíríà gòkè, obìnrin ìkòkò ga sókè bí ilé, Oyíndà sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó fi ìkejì di ìkòkò mú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sá fún koríko bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí páànù gbígbóná. Ọmọ mọ́kàndínlógún tẹ̀ lé e. Afusat fi ìborùn bojú.

Ọkùnrin olóhùn iyọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí máìkì ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní ẹ wo Nàìjíríà, ilẹ̀ àwọn tó ń gbé nínú ahéré létí odò.

Nínú ìjókòó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Ìyá Sìdíkàt tó ń ta irun ní Berea ti wọ awò rẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀lé etí aṣọ àwọn ọmọ náà láti òkèèrè, ó ń pe lẹ́tà bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ó pè é tán. Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìgbà náà ni máìkì ní àwọn èèyàn yìí kò mọ kíákíá ayé, oòrùn ni aago wọn.

"Irọ́ lẹ ń pa," ni Ìyá Sìdíkàt dáhùn.

Olóhùn iyọ̀ ní ayọ̀ wọn kò ju kí wọ́n rí omi mu lọ. Ìlà ìjókòó mẹ́ta dáhùn. Ó ní wọn kì í wọ bàtà, kí ilẹ̀ lè bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjókòó dìde dúró. Olóhùn iyọ̀ rò pé ìkíni ìbílẹ̀ wa ni, inú rẹ̀ dùn, ó ju ìwé sílẹ̀, ó gbà á mọ́ wọn lẹ́nu, ó fi máìkì kígbe rẹ̀: "Irọ́ lẹ ń pa! Irọ́ lẹ ń pa!" Àwọn ọmọ England náà gbà á. Àwọn òbí Jámánì ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Oyíndà dúró láàárín pápá. Ó wo ìjókòó. Ó wo aṣọ àyà ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń pe lẹ́tà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá rẹ̀ fi ń wọ́ ọ lọ sí kíláàsì Yorùbá nínú gbọ̀ngàn kan ní Berea, ó sì rò pé owú lásán ló ń gbìn sórí àpáta. Ó kà á tán. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí, ó sì gbé e fún olóhùn iyọ̀. Ọkùnrin náà gbà á. Ó gbé ìkòkò náà dání títí ayẹyẹ fi parí, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Kí Zulkifli tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Afusat ti gun irin etí pápá kọjá, bàtà ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Oyíndà wọ bàtà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àsíá, ó sì parí ìrìn rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ni Tiwalọlá wá bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ lórí koríko tútù, ó ní bàbá òun wà láàárín èrò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú; òun ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun, ó túmọ̀ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ohun kan péré ni òun fẹ́ mọ̀: ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àbí ó ṣèèṣì?

Zulkifli wo ọmọge tó kúnlẹ̀.

"Àṣìṣe ẹ̀rọ ni, ọmọ mi."

Oyíndà, tí ẹfun mẹ́ta ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

"Irọ́ lẹ ń pa, Dádì."